Ètò Ìwo-Fọ́tò Tí Kò Mọ Ibi Tó Yẹ Kó Dúró

Ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ilé wa ní Ajah nígbà náà kì í fi fọ́tò kan han èèyàn kó mọ síbẹ̀. Bí o bá ti ṣí i, á kọ́kọ́ to gbogbo wọn síwájú rẹ ní kékeré kékeré, bí ẹni pàtẹ ọjà. Ojú ẹni tó wà láyé á wà níbẹ̀, ojú ẹni tó ti lọ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí ìyẹn ń dà láàmú tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ló di wàhálà.

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló kú. Mọ́tò ló gbá a níbi tó ti ń kọjá títì ní Ìkàtẹ nígbà tí wọ́n ń mú ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì fẹ̀ sí i, tí wọ́n ti ẹ̀gbẹ́ kan, tí mọ́tò tó ń lọ àti mọ́tò tó ń bọ̀ ń bára wọn du ẹ̀gbẹ́ kejì. Obìnrin tó ń ta káàdì ìpè lẹ́bàá ibẹ̀ sọ fún mi pé, "Ó wo títì o, ọ̀gá. Mo rí i tó wò ó. Apá tó yẹ kó wò náà ló wò." Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí tí mi ò lè kà, ṣùgbọ́n èyí kò kúrò létí mi títí di òní.

Nínú ẹbí wa, bí ọ̀dọ́ bá kú lójú òbí rẹ̀, a kì í jẹ́ kí ojú ìyá tún kàn án. Wọn kì í mú ìyá débi tí wọ́n sin ọmọ sí. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, òun ni olórí ẹbí, wá láti Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó yọ gbogbo fọ́tò ọmọ náà kúrò lára ògiri ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkàtẹ, ó kó àwọn álíbọ́ọ̀mù lọ, kódà ó fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò nínú èyí tí ọmọ náà àti àbúrò rẹ̀ obìnrin jọ yà. Orúkọ ọmọ náà tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ìyá rẹ̀, Ìyá Lágbájá, a fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Mọ̀mí. Èmi padà sí Àǹtí mi, bí mo ṣe ń pè é kó tó bímọ rárá. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sùn sílé yẹn mọ́ torí pé yàrá ọmọ wà níbẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù rẹ̀ wá bá wa.

Lẹ́nu géètì, ẹ̀gbọ́n wa fà mí sẹ́yìn.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti máa ń ru tẹ́lẹ̀, o mọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá kan ọmọ yẹn báyìí, òun náà ni a ó sin tẹ̀ lé e. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í lé o."

Mo ní, "Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá."

Kò sẹ́ni tó rántí kọ̀ǹpútà. Èmi gan-an ò rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibẹ̀ ni ọmọ náà pọ̀ sí jù. Ó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ìsinmi, bí mo bá sì ti gbé kámẹ́rà iṣẹ́ délé, òun ni mo fi ń ṣeré. Mo ní ibi tó ti fi ọwọ́ bo abọ́ rẹ̀ kí ìyàwó mi má bàa yọ ẹran kúrò níbẹ̀. Mo ní ibi tó ti so táì mi mọ́rùn lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ wáṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Lẹ́kí. Mo ní ibi tó ti sùn lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú wa, tó lanu sílẹ̀, tí ìyàwó mi wá rọra gbé odindi búrẹ́dì lé e láyà bí ọmọ ìkókó.

Ohun tó mú wa rántí ni pé ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó wà lókè òkun, bímọ. Fọ́tò ọmọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn dé ibi pé ó jẹun tán lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tí a ò rí láti ìgbà tó ti dé. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ẹ̀pẹ́ sọ lórí fóònù pé, "Ẹ máa fi ọmọ yẹn hàn án dáadáa. Òun ni oògùn rẹ̀."

Ìyàwó mi wò mí. "Dádì, ọmọ tuntun nìkan kọ́ ló wà nínú nǹkan yìí o."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ètò mìíràn nìyẹn. Ọ̀fẹ́ ni mo fẹ́. Ètò tó ń béèrè owó máa ń jẹ́ kí èèyàn lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ fún oṣù kan, lẹ́yìn náà á máa yọ sí èèyàn lójú pé kó wá ra òun, mi ò sì fẹ́ ohunkóhun tó ń dédé yọ jáde níwájú obìnrin yẹn. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka fọ́tò nílé iṣẹ́ wa. Ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ kó má fi èèyàn ṣẹ̀sín.

"Ọ̀gá mi, ẹ̀yin náà fẹ́ máa wo fọ́tò? Mo rò pé ọ̀rọ̀ nìkan lẹ̀ ń jẹ."

"Fún mi ní èyí tí kì í pàtẹ. Ẹyọ kan, ẹyọ kan."

"Kí lẹ̀ ń fi pamọ́ fún ìyàwó yín?"

Mo sọ ohun tó jẹ́ fún un. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó da ètò mẹ́ta sórí fíláàṣì fún mi. "Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ má fi èyí kankan síwájú ẹ̀gbọ́n yín kí ẹ má kọ́kọ́ dán an wò. Fọ́tò ọmọ yẹn gan-an ni kí ẹ fi dán an wò, ìgbà náà lẹ máa mọ̀."

Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Mo tẹ̀ lé e ju bó ṣe yẹ lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ìyàwó mi mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́jà Ajah, mo tanná jẹnẹrétọ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Ètò àkọ́kọ́ rẹwà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ to àwọn fọ́tò kékeré bí eyín. Mo pa á tì. Èkejì ń fi ẹyọ kan hàn lóòótọ́, àmọ́ bí o bá gbójú kúrò díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣí fọ́tò fúnra rẹ̀, láti ibikíbi tó bá wù ú. Ọmọ náà yọ sí mi lójijì pẹ̀lú táì mi lọ́rùn rẹ̀, mo sì pa òun náà tì. Ẹ̀kẹta ló wù mí. Ojú rẹ̀ dúdú, fọ́tò kan ṣoṣo láàárín, o tẹ bọ́tìnnì olọ́fà, èyí tó kàn dé. Kò sí àtẹ, kò sí ìyọnu.

Iṣẹ́ ti parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò dìde. Mo ń tẹ bọ́tìnnì náà lọ. Mo wo ti abọ́, mo wo ti búrẹ́dì, mo padà sí ti búrẹ́dì. Mo rẹ́rìn-ín sókè nínú yàrá tí mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mi ò sì gbọ́ géètì.

Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì tòmátì. Ó sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Ètò lò ń dán wò àbí ọmọ lò ń wò?"

Mo pa kọ̀ǹpútà. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì mí. Ìyá rẹ̀ wà ní pálọ̀, kò gbọdọ̀ rí i; èmi tí mo jẹ́ àbúrò ìyá, mo ti wò ó yó.

Mo kó gbogbo fọ́tò ọmọ náà sínú fódà kan, mo sì fi fódà yìí sí ìdí àwọn fọ́tò iṣẹ́ mi lórí ẹ́sípírẹ́ẹ̀sì: katapílà, òkìtì yanrìn, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ àmì wíwó sí lára. Mo ní ta ló máa wo ìyẹn? Àwọn olóòtú mi gan-an ò fẹ́ wò ó mọ́. Fódà ọmọ tuntun sì wà lókè wọn.

Mo wá kọ́ ẹ̀gbọ́n mi bí yóò ṣe máa dá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó wọ jígí rẹ̀, ó jókòó bí ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀.

"Ṣé tí mo bá tẹ èyí, kò ní bú?"

"Kò ní bú, Àǹtí mi. Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀."

"Háà! Ẹ wo imú! Ẹ wo imú bàbá rẹ̀, ó ti lọ jí i kó!" Ó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. "Ìwọ ọmọdé yìí, wá ki èmi ìyá rẹ."

Ó di pé lárààárọ̀, bí a bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí iná bá sì wà, òun nìkan á lọ jókòó síbẹ̀. Inú gbogbo wa dùn. Mo pe ẹ̀gbọ́n wa pé ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru sí i. Nọ́ọ̀sì tó ń wọ̀n ọ́n nílé ìwòsàn kékeré kan nítòsí wa mi orí.

"Mọ̀mí, kí lẹ̀ ń rò?"

"Mi ò ro nǹkan kan, ọmọ mi."

"Ẹ̀rọ yìí ò gba yín gbọ́ o."

Wọ́n fi kún oògùn rẹ̀. Ìyàwó mi dín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀ títí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé ṣíbí kalẹ̀ tó ní, "Ìyàwó, ṣé omi tí o fi ṣan ìkòkò lo bù fún mi ni?" Ẹ̀gbọ́n wa pè láti Ẹ̀pẹ́: "Kí lẹ̀ ń ṣe fún un níbẹ̀ gan-an?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Mo rò pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Lọ́jọ́ kan mo lọ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àwọn tó yẹ kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ kò yọjú, mo sì padà sílé kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ọmọ tuntun, òkìtì yanrìn ni.

Mo rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ ti di òṣìṣẹ́ títì?"

Kò yíjú. Ó tẹ bọ́tìnnì: katapílà. Ó tẹ̀ ẹ́: ṣọ́ọ̀bù alámì pupa. Ó ń tẹ̀ ẹ́ kíákíá, bí ẹni tó mọ iye ilé tó wà ládùúgbò. Ọmọ rẹ̀ yọ jáde lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú wa, ó lanu sílẹ̀, búrẹ́dì wà láyà rẹ̀.

"Jókòó," ẹ̀gbọ́n mi wí.

Mo jókòó.

"Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé orí mi ti dàrú. Fọ́tò ọmọ tán, mi ò mọ̀ pé ó tán, mo ṣáà ń tẹ̀ ẹ́. Mo rí títì. Mo ní kí lèmi ń wo títì sí? Títì tó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ dìde. Mo tún ní jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá ọmọ tún kù lẹ́yìn rẹ̀." Ó fi ọwọ́ nu jígí rẹ̀. "Ọmọ kù lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́."

"Láti ìgbà wo, Àǹtí mi?"

"Ó ti pẹ́. Má sọ fún wọn. Bí o bá sọ fún wọn, wọ́n á tún wá kó o lọ."

Mo ní mi ò ní sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí mi ni ojú nọ́ọ̀sì yẹn. Gbogbo oògùn tí wọ́n ń fi kún un, gbogbo iyọ̀ tí a dín kù, èmi nìkan ni mo wá mọ ohun tó fà á báyìí, èmi ni mo sì yan ètò náà. Bí obìnrin yìí bá ṣubú nídìí kọ̀ǹpútà yẹn, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó fi í lé mi lọ́wọ́?

Mo pe ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀ka fọ́tò.

"Ètò yẹn kì í dúró," mo wí. "Bí fódà kan bá tán, ó ń wọ ìkejì lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kó má bàa sú èèyàn. Ibì kan wà nínú ètò náà tí wọ́n ti ń pa ìyẹn. Ẹ ò pa á ni? Ẹ ò rí i? Ọ̀gá mi! Fọ́tò mélòó lẹ fi dán an wò?"

Mo gé ìpè náà. Ọmọ náà ni mo fi dán an wò. Mo ń wò ó, mi ò tẹ̀ ẹ́ dé òpin láti rí ibi tí ètò náà ń bá a lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń wẹ̀, mo wá ibẹ̀ rí, mo sì pa á. Kò gbà ju pé kí n yọ àmì kékeré kan kúrò lọ.

Lọ́jọ́ kejì mi ò tètè jáde. Mo wà ní pálọ̀, mo ń díbọ́n pé mò ń ka ìwé ìròyìn. Mo gbọ́ bó ṣe jókòó. Mo gbọ́ bọ́tìnnì, kẹ́, kẹ́, kẹ́, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó ń kí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà, kò kí ẹnikẹ́ni mọ́, bọ́tìnnì nìkan ni mò ń gbọ́. Ó ń tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Ó dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́ gan-an, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé èèyàn wà nínú rẹ̀.

Ó pè mí. Kò bínú.

"Ìwọ lo ṣe é."

"Àǹtí mi, ẹ̀jẹ̀ yín..."

"Mo gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo ní. Nígbà tí o ń kó o pamọ́, ṣé o dijú ni?"

"Rárá, mà."

"O wò ó."

"Mo wò ó."

"Ó pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Ó dúró dè mí, bí èmi náà ṣe máa ń dúró de àwọn èèyàn nídìí iṣẹ́ mi títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀.

"Ó pa mí lẹ́rìn-ín."

"Níbi ti búrẹ́dì?"

"Níbi ti búrẹ́dì."

"Èmi náà," ó wí. "Ó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wá, ibẹ̀ nìkan ni mo ti rẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé mo fi tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn." Ó wá yíjú sí mi. "Gbogbo yín lẹ rí ọmọ mi. Àbúrò mi rí i, ìyàwó àbúrò mi rí i, ẹni tó fi sísọ́ọ̀sì gé e náà ní láti wò ó kó tó gé e. Èmi tí mo bí i ni wọ́n ní kí n má wò ó. Ṣé mo burú tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo wólẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù.

Nígbà tí mo dìde, mo bá a ṣe àdéhùn. Mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru sílé. Á kọ́kọ́ lo oògùn, á wọn ara rẹ̀, bó bá ga ju ohun tí nọ́ọ̀sì fẹ́ lọ, kò ní jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbà. Ó tún ní ètò tí òun ń tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan yìí ti sú òun. "Òun ló ń pinnu ibi tí mò ń lọ. Ṣé kò sí èyí tí mo ti lè fi ojú ara mi mú èyí tí mo fẹ́?" Mo dá ètò àkọ́kọ́ padà fún un, èyí tó to fọ́tò kékeré sí ìsàlẹ̀ bí eyín, mo sì kó ọmọ náà kúrò lábẹ́ títì, mo fún un ní fódà tirẹ̀. Mi ò yọ ẹ̀kẹta kúrò. Ó wà níbẹ̀, ó ti mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Ìyàwó mi mọ̀. "Èmi ò rí nǹkan kan o," ó wí. "Ṣùgbọ́n tí nǹkan bá ṣe Mọ̀mí, ìwọ lo máa jókòó síwájú Bọ̀ọ̀dá, èmi ò ní bá ẹ jókòó."

N ò lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Lọ́jọ́ mìíràn ó wálẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn ó gòkè. Lọ́jọ́ tó bá gòkè, mi ò lè jẹun. Mo ń ronú pé mò ń pa á. Lọ́jọ́ tó bá wálẹ̀, mo ń ronú nípa gbogbo àárọ̀ tí a fi dù ú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ẹ̀gbọ́n wa wá kí wa láti Ẹ̀pẹ́. Ó mu omi tán, ó ní, "Ọmọ tuntun tí ẹ̀ ń pariwo rẹ̀ yìí dà? Ẹ jẹ́ kí n rí i." Kí n tó lè dìde, ẹ̀gbọ́n mi ti gbé àga sídìí kọ̀ǹpútà. Ojú mi wà lára ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé máòsì kọjá ètò tó ń to fọ́tò, ó lọ sórí ẹ̀kẹta, ó ṣí i. Kò ṣàṣìṣe rárá.

"Ẹ wo imú rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

"Imú àna wa ni! Háà, wọ́n jí i gbé pátápátá!"

Ó ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó dé èyí tó kẹ́yìn, ètò náà dúró. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n wa kọjú sí mi, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "O ṣeun tí o bá wa ṣọ́ ọ. Bí mo ṣe wí lo ṣe é. Ọlọ́run á bá ọ ṣọ́ àwọn ọmọ tìrẹ náà."

Mo wo ilẹ̀. "Àmín, sà."

"Àmín," ẹ̀gbọ́n mi wí, ohùn tirẹ̀ ló ròkè jù ní pálọ̀.